Òfin lórí ìbòjú ẹlẹ́hàá: ohun tí Faransé ṣe, ohun tí Tchad ṣe, àti ohun tó kàn wá níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́hàá kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, a máa ń rí obìnrin tó fi aṣọ bo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló hàn síta. Àwọn kan á kí i bí wọ́n ṣe ń kí gbogbo ènìyàn. Àwọn kan á yà lọ́nà fún un. Àwọn mìíràn á sì sọ pé, "Kí ìjọba tiẹ̀ ka aṣọ yìí léèwọ̀." Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Ṣebí Faransé ti ṣe é."

Òótọ́ ni, Faransé ti ṣe é. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan náà ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò jọra, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò jọra. Kí á tó sọ pé kí ìjọba wa ṣe é tàbí kó má ṣe é, ó yẹ ká mọ ohun tí àwọn òfin yìí sọ gan-an, àti ibi tí wọ́n já sí.

Aṣọ wo gan-an là ń sọ?

Oríṣiríṣi aṣọ ló wà, àwọn ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ra.

- Hìjáàbù: ìbòrí ni. Ó bo irun àti ọrùn, ojú sì hàn gbangba.
- Nìkáàbù: ìbòjú ni. Ó bo ojú, ó ku ẹyinjú nìkan. Èyí ni àwọn ẹlẹ́hàá wa máa ń lò jù.
- Búríkà: ti àwọn ará Afghanistan ni. Ó bo gbogbo ara, aṣọ bí àwọ̀n sì wà níwájú ẹyinjú.

Ìbòrí kì í ṣe ìbòjú. Òfin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, ìbòjú nìkan ló kàn. Ní Faransé, obìnrin tó wé hìjáàbù lè rìn kiri ìgboro láìsí wàhálà òfin. Òfin mìíràn ni èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2004, tó ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba má ṣe wọ ohun tó ń fi ẹ̀sìn wọn hàn gbangba. Bákan náà, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022 pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ hìjáàbù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìbòrí ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ìbòjú.

Kí ni ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ sọ?

Àwọn ààfáà kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àyọkà tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù nínú Àlùkùránì ni Súrátù Núúrù, ẹsẹ 31, àti Súrátù Àhísáàbù, ẹsẹ 59. Àwọn kan, pàápàá ní Sáúdì, ní ọ̀ranyàn ni kí obìnrin bojú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀, títí kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ̀nà Máálíkì tó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní ojú àti ọwọ́ kò sí lára ohun tó pọn dandan láti bò. Wọ́n tún máa ń rán wa létí pé obìnrin tó bá ti wọ ìhúráàmù ní Mẹ́kà kì í lo nìkáàbù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Shéèkì Tantawi, olórí Al-Azhar ní Íjíbítì nígbà náà, kéde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kò gbọ́dọ̀ wọ nìkáàbù nínú kíláàsì tó bá jẹ́ obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, àwọn kan máa ń sọ pé, "Tí kò bá pọn dandan nínú ẹ̀sìn, kí ló dé tí ìjọba ò fi lè dá a dúró?" Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́. Ìjọba tó bá sọ pé òun kò ní ẹ̀sìn kò lè tún jókòó bí ààfáà láti yan fátúwà tó tọ̀nà. Tó bá fẹ́ ṣe òfin, ó gbọ́dọ̀ mú ìdí mìíràn wá, ìdí tó kan gbogbo ará ìlú.

Bí òfin Faransé ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2009, Ààrẹ Nicolas Sarkozy sọ fún àwọn aṣòfin ní Versailles pé kò sí àyè fún búríkà lórí ilẹ̀ Faransé. Àwọn aṣòfin yan ìgbìmọ̀ kan, André Gerin ló ṣe alága rẹ̀. Iye tí ìjọba fojú bù nígbà náà ni pé àwọn obìnrin tó ń bojú tó bí 1,900, nínú orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ju mílíọ̀nù 60 lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Conseil d'État, tó máa ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí òfin, kìlọ̀ pé tí wọ́n bá ka ìbòjú léèwọ̀ ní gbogbo ibi, òfin náà kò ní ní ẹsẹ̀ tó lágbára. Ohun tó dámọ̀ràn ni pé kí wọ́n ní kí ènìyàn ṣí ojú ní ibi tí ààbò bá ti béèrè fún un, tàbí ibi tó bá ti pọn dandan láti mọ ẹni tó jẹ́. Àwọn aṣòfin kò gba ìmọ̀ràn yẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2010, aṣòfin 335 dìbò pé àwọn fara mọ́ ọn, ẹnì kan péré ló lòdì sí i. Ní Sénat, ó jẹ́ 246 sí 1. Òfin náà jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2010, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2011.

Ohun tí òfin náà sọ

- Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó ń bo ojú ní ojú títì, ní ibi tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀, tàbí ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Kò dárúkọ Ìsìláàmù, kò dárúkọ obìnrin, kò dárúkọ búríkà.
- Owó ìtanràn rẹ̀ kò ju 150 euro lọ, ìyẹn bí 98,000 franc CFA. Wọ́n tún lè ní kí ẹni náà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe ọmọ ìlú.
- Ẹni tó bá fipá mú ẹlòmíràn bojú lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 1, kó sì san 30,000 euro, tó ju mílíọ̀nù 19 franc CFA lọ. Tó bá jẹ́ ọmọdé ló fipá mú, ìjìyà náà di ìlọ́po méjì.
- Òfin kò mú ẹni tó bojú nítorí ìlera, iṣẹ́, eré ìdárayá, ayẹyẹ, tàbí eré àṣà àti ìbílẹ̀.
- Conseil constitutionnel fi kún un ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2010 pé òfin náà kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìjọsìn tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀.

Ẹ kíyè sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìlera. Ní ọdún 2020, nígbà tí kòrónà dé, ìjọba Faransé kan náà ló ní kí gbogbo ènìyàn fi nǹkan bo imú àti ẹnu wọn. Àwọn ènìyàn wọ bánkì àti ọjà pẹ̀lú ìdajì ojú, ayé kò sì parẹ́. Síbẹ̀ òfin ọdún 2010 ṣì wà níbẹ̀.

Ìdí mẹ́ta, àti ohun tí ilé ẹjọ́ sọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ìdí mẹ́ta ni àwọn tó fẹ́ òfin náà mú wá: ààbò, ẹ̀tọ́ obìnrin, àti ìgbé pọ̀ láàárín ìlú. Ọmọbìnrin Faransé kan tí wọ́n bí ní ọdún 1990 gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg. S.A.S. nìkan ni wọ́n fi pè é nínú ìwé ẹjọ́. Ó ní kò sí ọkọ tàbí ìbátan tó fipá mú òun. Ó ní òun kì í wọ̀ ọ́ nígbà gbogbo, àti pé tí wọ́n bá ní kí òun ṣí ojú ní bánkì tàbí ní pápá ọkọ̀ òfurufú, òun á ṣí i. Ìdájọ́ náà jáde ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2014.

Lórí ààbò, ilé ẹjọ́ ní ìjọba lè ní kí ènìyàn ṣí ojú kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti kà á léèwọ̀ níbi gbogbo, nígbà tí kò sí ẹ̀rí pé ewu gbogbogbòò wà, ó ti pọ̀ jù.

Lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, ilé ẹjọ́ ní ìjọba kò lè fi ọ̀rọ̀ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba bojú láti dá obìnrin dúró lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́.

Lórí ìgbé pọ̀ nìkan ni wọ́n ti gbà fún Faransé. Wọ́n ní ojú jẹ́ ohun pàtàkì nínú ìbáṣepọ̀ ènìyàn pẹ̀lú ènìyàn, àti pé orílẹ̀-èdè kan lè yàn pé òun fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa rí ojú ara wọn. Adájọ́ 15 nínú 17 gbà pé Faransé kò rú òfin. Àwọn 2 tó kù kọ̀ ọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìgbé pọ̀ yìí kò ṣe é dì mú.

Àwa Yorùbá lè lóye ìdí kẹta yẹn dáadáa. Ṣebí àwa náà la ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń bá wa ná ọjà, a fẹ́ rí bóyá ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń bínú. Àgbàlagbà tí ọmọdé kí, ó fẹ́ mọ ọmọ ẹni tó kí òun. Kò yẹ ká fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn bí ẹni pé ìkórìíra ni gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé: ohun tó wù wá kí aládùúgbò wa ṣe, ṣé gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí ọlọ́pàá fi ìwé owó ìtanràn gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sí Strasbourg. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tí wọ́n dá lẹ́bi ní ọdún 2012 yẹ̀ wò. Wọ́n ní Faransé ti tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú. Wọ́n ní dípò kí òfin náà dáàbò bo obìnrin, ó lè há a mọ́ ilé, kó má lè lọ síbi tí iṣẹ́ ìjọba wà. Ìgbìmọ̀ yẹn kì í ṣe ilé ẹjọ́ tó lè fipá mú orílẹ̀-èdè, Faransé kò sì pa òfin rẹ̀ rẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgboro

Ní oṣù keje ọdún 2013, ní ìlú Trappes nítòsí Paris, àwọn ọlọ́pàá dá obìnrin kan tó bojú dúró. Ọ̀rọ̀ di ìjà láàárín wọn àti ọkọ rẹ̀, wọ́n mú ọkọ náà lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn èrò yí àgọ́ ọlọ́pàá ká, wọ́n ń ju òkúta, wọ́n ń sun nǹkan. Owó ìtanràn kékeré kan ti di rògbòdìyàn ìlú.

Oníṣòwò ọmọ Algeria kan, Rachid Nekkaz, náà kéde pé òun á máa bá àwọn obìnrin náà san owó ìtanràn wọn, ó sì san án fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi owó dá dúró kò dúró.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká rò. Ẹni tí ọlọ́pàá máa rí lójú ọ̀nà ni obìnrin náà. Tí ọkọ kan bá wà tó fipá mú un, inú ilé ni ọkọ náà wà. Tí obìnrin yẹn bá ń bẹ̀rù owó ìtanràn níta, tó tún ń bẹ̀rù ọkọ nílé, kì í jáde mọ́ nìyẹn. Kò ní lọ sí ọjà, kò ní gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí a ní a fẹ́ gbà sílẹ̀, òun gan-an la tún tì mọ́lé.

Áfíríkà: nígbà tí bọ́ǹbù wà nínú ọ̀rọ̀

Ní apá ibí, kì í ṣe ìgbé pọ̀ ló bí òfin ìbòjú, ẹ̀rù bọ́ǹbù ni. Ọdún 2015 ni, nígbà tí Boko Haram ń rán àwọn ènìyàn pẹ̀lú bọ́ǹbù lábẹ́ aṣọ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún yẹn, bọ́ǹbù bú ní N'Djamena, ní olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àti ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó lé ní 20 ènìyàn tó kú. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba Tchad ka ìbòjú léèwọ̀ jákèjádò ilẹ̀ náà, wọ́n sì ní kí wọ́n kó èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí wọ́n sun ún. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, oṣù kan kò tíì pé, ọkùnrin kan tó múra bí obìnrin, tó fi ìbòjú bo ojú, wọ ọjà ńlá N'Djamena. Wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fa bọ́ǹbù rẹ̀ yọ, àwọn ènìyàn tó tó 15 kú. Òfin ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó ti pinnu pé òun fẹ́ kú kò bẹ̀rù owó ìtanràn.

Ní Cameroun, ní ọjọ́ 12 oṣù keje, àwọn tó wọ ìbòjú fa bọ́ǹbù ní Fotokol. Gómìnà Extrême-Nord ka ìbòjú léèwọ̀ ní agbègbè rẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, bọ́ǹbù tún bú ní Maroua. Niger náà kà á léèwọ̀ ní agbègbè Diffa. Congo-Brazzaville àti Gabon ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan náà.

Kò yẹ ká fi àwọn ìjọba yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí lọ́jà gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Ní ibi tí ogun wà, òfin fún àkókò kan àti fún agbègbè kan lè ní ìdí. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí ni pé aṣọ lè yí padà, bọ́ǹbù kò yí padà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ ènìyàn wò, àti ìròyìn tí àwọn ará àdúgbò ń fún àwọn aláàbò, ló wúlò jù. Àwọn Mùsùlùmí gan-an ló sì máa kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́ àjèjì láàárín wọn. Tí a bá lé àwọn ìyàwó wọn kúrò lọ́jà, ta ni wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n rí fún?

Ọ̀nà tó wà láàárín

Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ṣe bíi ti Faransé. Belgique ṣe é ní ọdún 2011. Ní Suisse, gbogbo ìlú ló dìbò ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 2021, ìdá 51.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló fara mọ́ ọn, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kínní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n Pays-Bas gba ọ̀nà mìíràn: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ ìjọba àti ọkọ̀ èrò nìkan ni wọ́n ti kà á léèwọ̀. Ojú títì kò sí níbẹ̀. Ní Tunisie, ní oṣù keje ọdún 2019, ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan ló kàn. Ní Algérie, ní ọdún 2018, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́ ló kàn. Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni méjèèjì tó gbẹ̀yìn yìí o.

Ohun tó kàn wá

Òfin ìpìlẹ̀ Benin, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ nínú abala 2 pé orílẹ̀-èdè wa jẹ́ laïque, ìyẹn ni pé ìjọba kò ní ẹ̀sìn. Abala 23 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti da ìlú rú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni òfin náà fi dúró. Ẹni tó bá di laïcité mú láti fi lé ẹlẹ́hàá, kó má gbàgbé òmìnira. Ẹni tó bá di òmìnira mú láti kọ̀ pé òun kò ní ṣí ojú níbi tó yẹ, kó má gbàgbé ìlú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti ìparí ọdún 2021, àwọn agbéṣùmọ̀mí ti ń kọlu Atacora àti Alibori ní apá òkè Benin, àti Savanes ní Tógò. Ọjọ́ kan lè pé tí ẹnì kan á dìde pé kí wọ́n fi òfin ìbòjú dá wọn dúró. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn bá wa lójijì.

Àwa tí a ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tí UNESCO ti kà mọ́ ogún àgbáyé, tí a sì ní eégún nílé, a mọ̀ pé ènìyàn lè bojú kí ìlú má sì sá. A kò fi ẹlẹ́hàá wé eégún o, ohun ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí à ń sọ ni pé kì í ṣe aṣọ tó wà lójú ló ń bani lẹ́rù, bí kò ṣe pé a kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Eégún ní agbo ilé tó ti jáde, ó ní ọjọ́, ó ní àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Tí a bá lè mọ ẹni tí ẹlẹ́hàá jẹ́ nígbà tó bá yẹ, ìdí ẹ̀rù náà ti dín kù.

Ibi tí a ti lè fẹnu kò nìyí. Nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò fún carte d'identité, nígbà ìdìbò, ní bánkì, nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ní ẹnu ibodè, nígbà tí gendarme bá ń yẹ ọkọ̀ wò: kí obìnrin ṣí ojú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀ ni yóò wò ó níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fipá mú ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ bojú, òun ni kí òfin mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ra ata ní ọjà, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, tó ní ohun tí òun gbà gbọ́ nìyí, kò sí ohun tí owó ìtanràn lára rẹ̀ fẹ́ fún wa.

Tí ẹnì kan bá tún sọ pé "Ṣebí Faransé ti ṣe é," ẹ bi í léèrè mẹ́ta: nítorí ìdí wo? Ní ibo? Ta ni yóò sì san owó ìtanràn náà, ẹni tó fipá múni ni àbí ẹni tí wọ́n fipá mú?